Màmá mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọdún Boa Morte ní Cachoeira

Àdùkẹ́_Bàhíà (ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Ọdún kẹta mi ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà ní Brazil, rèé. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn lóṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 10 ni wọ́n máa balẹ̀, ọjọ́ 20 ni wọ́n máa padà. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń ríran kedere. Aṣọ òfì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà, kò sí òwú tí wọ́n máa wò tí wọn ò ní sọ ìdílé ẹ̀ fún ọ.

Ọdún Boa Morte, ọdún ikú àti ìgbàsókè Màríà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tó tún jẹ́ ọmọ òrìṣà ń ṣe, bọ́ sáàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ni mo bá ní kí n mú wọn lọ sí Cachoeira, ìlú kékeré tó wà létí odò Paraguaçu. Èmi fúnra mi kò débẹ̀ rí o. Alẹ́ méjì péré ni ìsinmi mi lè gbà. Ọjọ́ wo ni kí a sùn níbẹ̀? Ibo la máa sùn tí kò ní jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọ́n á máa gùn ṣáá?

Èyí tó le jù: ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ òrìṣà báyìí, ojú á ti le. Kí ni kí n sọ fún wọn pé a fẹ́ lọ wò?

Wọ́n sì fẹ́ràn eré. Nígbà ọmọge wọn, bí ọkọ̀ àwọn Ogunde bá wọ ìlú, wọ́n ní àwọn làwọn máa ń kọ́kọ́ gbé àga dé gbọ̀ngàn. Ẹnì kan sọ fún mi pé ilé sinimá àtijọ́ kan wà ní Cachoeira tí wọ́n tún ṣe. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí ojú ilé nìkan ló kù?

Bàbá_Ìbejì_SP (ọjọ́ 6)

Ẹ kú ìnáwó màmá, àbúrò. Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun o, Sátidé tó bá sún mọ́ ọjọ́ 15 ni wọ́n máa ń ṣe é. Mo lọ lọ́dún kan, òpin ọ̀sẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa ní kí màmá sún ìrìn wọn sí oṣù Kẹfà. São João, ọdún Jòhánù Mímọ́, ni ọdún Cachoeira gan-an. Iná lójúde gbogbo ilé, ijó fóró títí ilẹ̀ á fi mọ́, àgbàdo sísè, ọtí èso jẹnipápò tí wọ́n ń fi ife kékeré pín. Ti oṣù Kẹjọ yẹn, àwọn ìyá àgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àbẹ́là ni.

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 7)

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 13, 14 àti 15 oṣù Kẹjọ ni, ì báà bọ́ sí Mọ́ńdè, ì báà bọ́ sí Sátidé. Ọdún tí ẹ lọ ló ṣèèṣì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Sátidé dá a, ó lè débẹ̀ kó bá àwọn tó ń gbálẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, ọdún méjì ni mo fi gbé Cachoeira nígbà tí mo ń kàwé ní UFRB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ní ẹ̀ka níbẹ̀. Inú ilé tó jẹ́ fáktírì sìgá nígbà kan rí la ti ń gba ẹ̀kọ́, Leite Alves ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ n sọ bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí, ẹ ó lè yàn.

Lálẹ́ ọjọ́ 13, aṣọ funfun ni gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà máa wọ̀. Wọn á gbé ère Màríà tó sùn jáde, wọ́n á ṣe Mísà fún àwọn ará ẹgbẹ́ tó ti kú, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ oúnjẹ funfun: ẹja, ìrẹsì, búrẹ́dì, wáìnì. Lálẹ́ ọjọ́ 14, ìsìnkú ni. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bùláòsì funfun, gèlè funfun, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àbẹ́là lọ́wọ́ wọn, ohùn ìkọrin wọn lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 15, Màríà ti gòkè re ọ̀run nìyẹn, ìdùnnú dé. Ìborùn tí wọ́n fi ojú dúdú ẹ̀ síta lánàá, wọ́n á yí i padà kí pupa ẹ̀ yọ, gbogbo wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ á jáde, ẹgbẹ́ onífèrè á tẹ̀ lé wọn káàkiri ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ, lẹ́yìn oúnjẹ ni sáńbà. Oúnjẹ àti sáńbà yẹn ṣì máa ń lọ ní ọjọ́ 16 àti 17, àwọn àlejò láti ìlú òkèèrè á ti lọ nígbà náà.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ sun ọjọ́ 14 àti 15. Ẹ ó rí ọ̀fọ̀, ẹ ó rí ayọ̀, ẹ ó sì sinmi kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ padà.

Ní ti ibùsùn, ẹ tètè ṣe é. Ìlú kékeré ni, yàrá kò pọ̀, owó ẹ̀ sì máa ń fò lásìkò yẹn. Bí Cachoeira bá ti kún, ẹ wo São Félix ní òdìkejì odò. Afárá kan náà ló wà láàárín wọn.

Mọ́tò láti ibùdókọ̀ ńlá Salvador máa gbé yín gba Santo Amaro, nǹkan bíi wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀. Kìlómítà 120 kò tó nǹkan, ìdúró ojú ọ̀nà ló ń jẹ àkókò.

Ṣadé_ẹlẹ́sáńbà (ọjọ́ 7)

Kọ́lá, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n má rán ìyá ẹni ọdún 71 tí orúnkún ń dùn lọ sí São Félix lásìkò ọdún. Afárá Dom Pedro II yẹn, mítà 365 ni. Irin ni wọ́n fi ṣe é, láti 1885 ló ti wà níbẹ̀. Pákó tí mọ́tò ń gbà lórí ẹ̀ máa ń pariwo gbàgà-gbàgà, ọkọ̀ apá kan á dúró kí apá kejì kọjá, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì dé, ẹ ó dúró tì í ni. Lọ́sàn-án, ìrìn ẹ̀ dùn, atẹ́gùn odò ń fẹ́. Láàárín èrò lóru, pẹ̀lú orúnkún? Rárá o.

Cachoeira ni kẹ́ ẹ sùn, nísàlẹ̀, nítòsí odò. Ẹ bi onílé léèrè dáadáa bóyá yàrá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ilé wọ̀nyẹn ti pẹ́, àtẹ̀gùn wọn dúró ṣánṣán bí àkàbà. Láti 1971 ni ìjọba ti sọ ìlú náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹnikẹ́ni ò kàn lè wó ògiri kó fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i.

Èmi ò sì fara mọ́ ọjọ́ 14 àti 15 yẹn. Ọjọ́ 13 àti 14 ni kí wọ́n sùn. Ọjọ́ 13 ni èrò kéré jù, ibẹ̀ ni màmá ti máa rí àwọn ìyá náà nítòsí. Láàárọ̀ ọjọ́ 15, kámẹ́rà àwọn oníròyìn ni ẹ máa rí, ẹ̀yìn orí èèyàn ni ẹ máa wò. Ẹ wo ìjáde wọn láàárọ̀, ẹ jẹun, ẹ wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 7)

Ti afárá, mo gbà. Ti ọjọ́, n kò gbà. Ẹni tó bá wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 kò rí sáńbà, ìwọ Ṣadé lo sì ń sọ bẹ́ẹ̀!

Ọmọ_Campos (ọjọ́ 8)

Ẹ kú ìjíròrò. Èkó ni mo wà, n kò dé Bàhíà rí, ṣùgbọ́n bàbá bàbá bàbá mi ti ibẹ̀ wá, a ṣì ń gbé nítòsí Campos Square.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ màmá yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọdún Àgùdà ni. Àwọn obìnrin Kátólíìkì ló ń ṣe àjọ̀dún ikú àti ìgbàsókè Màríà, ó parí. Àwa náà ń ṣe irú ẹ̀ níbí. Bí ẹ bá rí Caretta wa, àwọn tó ń bojú jó, lásìkò ọdún, ẹ̀yin náà á rò pé eégún ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa. A kì í fi fríjọ̀nù ṣeré ní Gúdù Fúráídè, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè. Orúkọ tí àwọn ará Bàhíà ń pe ẹ̀wà, fẹijáọ̀, náà nìyẹn.

Ẹ sọ fún màmá pé aṣọ òkè wa ló wà léjìká àwọn obìnrin náà. Pano da costa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aṣọ Etíkun, etíkun tiwa níbí. Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ máa ń kó o láti Èkó lọ sí Bàhíà, èyí tí wọ́n hun ní Ìjẹ̀bú àti láwọn ìlú mìíràn. Onísòwò òfì kò ní gbọ́ èyí kó jókòó sílé.

Ifágbàmílà (ọjọ́ 8)

Ẹ̀gbọ́n mi ará Campos, pẹ̀lẹ́ o. Ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ.

Kátólíìkì ni wọ́n, òótọ́ ni. Ọmọ òrìṣà sì ni wọ́n, Nàgó, ìyẹn Yorùbá, àti Jeje, ìyẹn ìran Fọ̀n. Ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha ní Salvador ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn ìyá Kétu ti dá ilé òrìṣà sílẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Cachoeira. Ẹrú ni wọ́n, ọmọ ẹrú ni wọ́n, àwọn kan ti ra ara wọn padà. Wọ́n ń dáwó jọ kí wọ́n lè ra àwọn mìíràn sílẹ̀, kí ẹni tó bá sì kú lè rí ìsìnkú tó yẹ èèyàn. Títí dòní, ẹni tí kò bá tíì kọjá ogójì ọdún kò lè wọ̀ ọ́, ọdún mẹ́ta ni ẹni tuntun sì máa fi gbé àpò itọrẹ kó tó di ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ wo oúnjẹ ọjọ́ 13 tí Kọ́lá kà sílẹ̀. Kí ló dé tí kò sí epo pupa níbẹ̀, ní Bàhíà tó jẹ́ pé epo ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan? Ta ni kì í fẹ́ epo, tó jẹ́ pé funfun ni tirẹ̀? Màmá yín lè jẹ́ ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n máa rí i kí ẹ tó là á yé wọn. Tí wọ́n bá wá mọ̀ pé ẹ fi pamọ́ fún wọn ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ fún wọn nílé. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ohun tó jẹ mọ́ òrìṣà, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, àlejò kì í débẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rí níta ni Mísà, ìwọ́de àti oúnjẹ.

Ọmọ_Campos (ọjọ́ 8)

Mo gbà fún yín, Bàbá. N kò fẹ́ kó le lójú wọn ni.

Àdùkẹ́_Bàhíà (ọjọ́ 9)

Orí mi ti ń fò. Ẹ ṣé gan-an. Mo pe màmá lálẹ́ àná, mo sọ ohun gbogbo fún wọn bí Bàbá Ifágbàmílà ṣe ní kí n sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Obìnrin tó ń dáwó ra ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ bá wọn jà sí?" Ìbéèrè kejì wọn ni iye tí àpò ẹrù kan gbọ́dọ̀ wúwo nínú bàlúù.

Ọjọ́ 14 àti 15 la máa sùn. Àǹtí Ṣadé, ẹ máa bínú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ilé sinimá ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ṣadé_ẹlẹ́sáńbà (ọjọ́ 9)

N kò bínú, orúnkún wọn ni mo ń rò.

Cine-Theatro Cachoeirano ni orúkọ ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ló ti wà. Tíátà àti sinimá ni pọ̀, bí orúkọ ẹ̀ ṣe wí. Ó bà jẹ́ títí ó fi di ahoro, wọ́n wá tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ó dára o! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn ní gbogbo alẹ́. Bí nǹkan kan bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, ẹ má gbọ́kàn lé e.

Bí màmá bá fẹ́ eré, ẹ̀yin ẹ mú wọn dúró de sáńbà ní ọjọ́ 15, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti kọ ìmọ̀ràn mi. Samba de roda, UNESCO ti kà á mọ́ ogún aráyé láti 2005. Àwọn èèyàn á ṣe agbo, ẹnì kan á wọ àárín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, ìdí ni iṣẹ́ ń ṣe. Bó bá tó o, á lọ fi ikùn kan ẹlòmíràn, ìyẹn á wọlé. Ẹ má dúró síwájú bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n fikùn kàn yín! Èyí tó lókìkí jù níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí Dona Dalva dá sílẹ̀, Samba de Roda Suerdieck. Suerdieck jẹ́ fáktírì sìgá tí òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Pákó kéékèèké tí wọ́n ń fi ká sìgá ni wọ́n sọ di ohun ìlù, pákó méjì lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbá a pọ̀ dípò àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, UFRB fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 2012. Obìnrin tó ń ká sìgá! Ọmọ ẹgbẹ́ Boa Morte náà ni.

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 10)

Mo fẹ́ fi kún ti Ṣadé. CachoeiraDoc, àjọ̀dún fíìmù tí ilé ìwé wa bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ti lo Cine-Theatro rí. FLICA, ọdún àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, oṣù Kẹwàá ló sábà máa ń bọ́ sí. Kò bá ìrìn màmá mu, ẹ fi í sọ́kàn fún ara yín.

Àwọn ilé ẹgbẹ́ onífèrè méjèèjì, ẹ má fò wọ́n. Lyra Ceciliana ti 1870, Minerva ti 1878. Tranquilino Bastos tó dá Lyra sílẹ̀ jẹ́ olórin tó fi fèrè ẹ̀ bá ètò ẹrú jà. Àwọn méjì yìí ti ń bá ara wọn figagbága fún ọdún tó lé ní ogóje. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá nírọ̀lẹ́ tí ẹ gbọ́ kọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró, wọ́n ń gbìyànjú orin ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹ bá rékọjá afárá lọ́sàn-án, ẹ fi mọ́tò gbé màmá lọ sí Centro Cultural Dannemann ní São Félix. Wọ́n á rí àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ ká sìgá, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ẹni tó fọwọ́ ṣiṣẹ́ rí máa gbádùn ẹ̀ ju ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lọ.

Bàbá_Ìbejì_SP (ọjọ́ 10)

Mo gbà pé mo ṣì ọjọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà lórí São João o. Ní oṣù Kẹfà, ẹ ó rí ọdún ọjọ́ 25 pẹ̀lú. Ní 1822, àwọn ará Cachoeira kéde ní ọjọ́ náà pé Dom Pedro, ọmọ ọba tó wá ya Brazil kúrò lábẹ́ Potogí, làwọn ń tẹ̀ lé, ọkọ̀ ogun Potogí tó wà lójú odò yìnbọn lù wọ́n, wọ́n sì bá a jà. Láti 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Bàhíà máa ń kó wá jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ́dọọdún. Gómìnà nínú ìlú kékeré! Àti àwọn idà iná tí wọ́n ń jù sókè lójú títì, èyí kò sí níbòmíràn.

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 10)

Ẹ̀gbọ́n, idà iná Cruz das Almas nìyẹn, ìlú mìíràn ni, kò jìnnà síbẹ̀. Iná yẹn ti sun èèyàn púpọ̀, wọ́n sì ti fòfin dè é. Ẹ má jẹ́ kí màmá ẹnikẹ́ni gbọ́ pé òun la fẹ́ lọ wò.

Ifágbàmílà (ọjọ́ 11)

Bí a bá ń sọ oṣù mìíràn, oṣù Kọkànlá ni tèmi, ọdún Ajuda. Ẹ lọ wo mandu. Wọ́n á gbé asẹ́ sórí, wọ́n á fi aṣọ bo gbogbo ara láti òkè délẹ̀, wọ́n á máa jó kiri lẹ́yìn ẹgbẹ́ onífèrè, ọmọdé á máa sá. Mo dúró, mo ń wò ó, irun ara mi dìde. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ní eré lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Tóbi_oníbùkátà (ọjọ́ 12)

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí màmá jẹ maniçoba lálẹ́ àkọ́kọ́. Ewé gbágùúdá ni, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí oró inú ẹ̀ lè jáde, wọ́n á kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran gbígbẹ sí i. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ fi acarajé bẹ̀rẹ̀, àkàrà wa náà ni, àbí abará, ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé. Ẹ bá wọn wá acaçá, kí wọ́n rí ẹ̀kọ tó rékọjá òkun.

Bàtà pẹlẹbẹ o. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo títì ibẹ̀. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ṣì máa ń wà lóṣù Kẹjọ, agbòjò kì í dára láàárín èrò, aṣọ òjò ni kẹ́ ẹ gbé.

Ṣadé_ẹlẹ́sáńbà (ọjọ́ 12)

Lálẹ́ ọjọ́ 14, ẹ má wọ aṣọ tó ń dán. Ẹ má sì gbé fóònù sójú àwọn ìyá náà. Ìsìnkú ni.

Àdùkẹ́_Bàhíà (ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ)

Ẹ̀yin ará ilé, a lọ, a bọ̀. Màmá ti padà sílé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí. Ilé àlejò kan tí n kò ní dárúkọ ti gbowó ìdajì lọ́wọ́ mi láti oṣù Kẹfà, wọ́n ní yàrá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. A débẹ̀, wọ́n ti fi fún ẹlòmíràn, wọ́n ń tọ́ka òkè sí wa. Màmá wo àtẹ̀gùn náà, wọ́n jókòó sórí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn máa sùn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn tú bàtà wọn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yàrá ti yọ nísàlẹ̀. N kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Alẹ́ ọjọ́ 14, òjò rọ̀ díẹ̀. A dúró sábẹ́ òrùlé kan títí àbẹ́là fi ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì. Màmá ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ìyá náà kọjá níwájú wa, wọ́n tẹrí ba, ni mo rí i pé wọ́n ń kọ orin ìsìnkú tiwọn ní ìdákẹ́, ti ìwé orin Yorùbá. Kò bá ti àwọn yẹn mu rárá, wọ́n sì kọ ọ́ parí.

Ní ọjọ́ 15 ni wàhálà dé. Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí Ṣadé, ẹ̀yìn orí èèyàn la wò fún bí wákàtí kan. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà rí màmá, ó yẹ̀ fún wọn, wọ́n bọ́ síwájú. Ìborùn pupa yẹn wá ń bọ̀. Ọmọ_Campos, ẹ gbọ́ o: màmá ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe aṣọ òkè. Wọ́n wò ó dáadáa. Àrán ni apá dúdú ẹ̀, ṣáàtìnì ni apá pupa. "Orúkọ òfì ló kù lára ẹ̀, òfì ti lọ." Bó ṣe dùn wọ́n tó lẹ fi máa mọ̀ pé wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi débi oúnjẹ.

Àkàrà ni wọ́n fi dárí jì wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé kí a la àkàrà, kí a ki edé sínú ẹ̀, mọ nǹkan. Wọ́n jẹ mẹ́ta.

A kọjá níwájú Cine-Theatro. Màmá dúró, wọ́n wo ojú ilé náà lókè-nílẹ̀, wọ́n wá ń sọ fún mi bí àwọn ṣe máa ń san kọ́bọ̀ wọlé wo eré ní Ìsẹ́yìn, tí ẹni tí kò bá ní á máa gba ojú fèrèsé wò ó. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Sáńbà náà, a dúró dè é. Wọ́n jókòó sórí àga ike kan, wọ́n ń fọwọ́ lu itan, ìyá kan tó dàgbà jù wọ́n lọ wá fa ọwọ́ wọn. Wọ́n tọ́ka orúnkún sí i. Ìyá náà tọ́ka tirẹ̀ padà. Ni wọ́n bá dìde.

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 23)

Ha! Fídíò ńkọ́?

Àdùkẹ́_Bàhíà (ọjọ́ 24)

Fóònù mi ti kú látàárọ̀, má bi mí.

Ìbéèrè kan ló kù. Láàárọ̀ yìí, màmá pè mí láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wádìí bí ìborùn àwọn ìyá yẹn ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, nítorí àwọn fẹ́ hun ẹyọ kan ránṣẹ́. Wọ́n ti ra òwú pupa. Ta ló mọ ìwọ̀n ẹ̀?

Kọ́lá_Recôncavo (ọjọ́ 24)

Ìyá onílé mi àtijọ́ ní ọ̀kan tó jẹ́ ti ìyá ẹ̀. Mo máa pè wọ́n lálẹ́ yìí, kí wọ́n bá wa fi tépù wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Campos (ọjọ́ 24)

Ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n hun méjì. Èmi ni mo máa san owó ìkejì.